Kí Google Tó Mọ̀ Pé Kíjìpá Ni: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Àwòrán Inú Ìkànnì

Òkun o, ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Kàbà, Ìjùmú, Yàgbà, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, àti ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kà wá láti ìdálẹ̀. Lẹ́tà tó tẹ̀ wá lọ́wọ́ ní oṣù yìí pọ̀, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ráhùn lé lórí: a ti ya àwòrán tó dára, a ti gbé e sórí ìkànnì wa, síbẹ̀ ẹni tó bá wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lórí Google kì í rí tiwa. Mo yan márùn-ún nínú àwọn lẹ́tà náà, mo sì gé wọn kúrú kí àyè lè gbà wá.

Láti Ògìdì

"Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ahunṣọ ni mí ní Ògìdì, ọmọ ọmọ mi ló sì bá mi ṣí ìkànnì tí mo ti ń ta aṣọ tí èmi àti àwọn obìnrin ilé wa ń hun. Àwòrán aṣọ tó wà níbẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún. Oníbàárà mi kan ní Àbújá sọ fún mi pé òun tẹ kíjìpá sínú Google, òun sì wo àwọn àwòrán tó kó jáde títí ó fi rẹ òun, ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ kan ṣoṣo nínú tèmi níbẹ̀. Ṣé àwòrán wa ni kò dáa tó ni, àbí owó kan wà tí a ní láti san?"

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ ọnà. Kò sí owó kankan tí ẹ ní láti san kí Google tó fi àwòrán yín hàn láàrin àwọn àwòrán yòókù, kò sì sí ohun tó ṣe àwòrán yín. Mo ṣí ìkànnì náà, mo wò ó dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n mú ẹyọ kan nínú wọn, èyí tó ṣìkejì ní ojú-ewé àkọ́kọ́. Aṣọ tó fẹ̀ ni, a tẹ́ ẹ sórí àpótí ìjókòó, aró rẹ̀ jinlẹ̀, ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta sì gba etí rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá dàgbà ní agbègbè wa kò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó mọ̀ pé kíjìpá ni. Ṣùgbọ́n IMG-20240312-WA0007.jpg ni orúkọ tí fáìlì náà ń jẹ́, orúkọ tí WhatsApp fún un nígbà tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ sí ọmọ ọmọ yín. Àyè tí ó yẹ kí àpèjúwe rẹ̀ wà ṣófo. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó sì wà lábẹ́ rẹ̀ kò ju "Ó wà nílẹ̀, ẹ pè wá" lọ. Kò sí ibì kankan ní gbogbo ojú-ewé náà tí a ti kọ kíjìpá. Báwo ni Google yóò ṣe mọ̀?

Lóòótọ́, ẹ̀rọ aṣàwárí ti ní ọgbọ́n tí ó fi ń dá ohun inú àwòrán mọ̀ fúnra rẹ̀. Ó lè mọ̀ pé aṣọ ni, ó sì lè mọ̀ pé àwọ̀ aró ló ní. Ṣùgbọ́n àwòrán lásán kò tó fún un láti fi ìyàtọ̀ sáàrin kíjìpá, tí obìnrin hun ní fífẹ̀ lórí òfì tó dúró lóòró, àti aṣọ-òkè tí a hun ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kí a tó rán an pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè ti ojú àwọ̀ pupa nìkan mọ̀ pé aṣọ ìpò àwọn ará Bùnú, tí a fi ń ṣe ẹ̀yẹ òkú àgbà, kì í ṣe aṣọ pupa kan ṣáá. Ọ̀rọ̀ ló ń là á lóye: orúkọ fáìlì, àpèjúwe tí a kọ sínú kóòdù àwòrán, àkọlé tó wà lábẹ́ àwòrán, ìpínrọ̀ tó sún mọ́ ọn, àti àkọlé ojú-ewé fúnra rẹ̀. Bí ẹni tó ni nǹkan kò bá dárúkọ rẹ̀, ẹ̀rọ yóò fún un ní orúkọ tó wọ́pọ̀ jù, aṣọ tí ẹ fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ hun ní Ògìdì yóò sì di aṣọ ilẹ̀ Áfíríkà kan láàrin ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára gan-an, nítorí pé orúkọ àwọn aṣọ wọ̀nyí kò wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn bí kò ṣe lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń hun wọ́n.

Ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ pé aṣọ ló fa apá àwòrán Google gan-an. Ní oṣù kejì ọdún 2000, akọrin ọmọ Amẹ́ríkà, Jennifer Lopez, wọ aṣọ aláwọ̀ ewé kan lọ síbi àmì ẹ̀yẹ Grammy, àwọn tó ń wá aṣọ náà lórí Google sì pọ̀ kọjá ohun tí ilé iṣẹ́ náà rí rí. Ojú ni wọ́n fẹ́ fi rí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ nìkan ni Google ní láti fún wọn nígbà náà. Eric Schmidt, tó ti jẹ́ ọ̀gá àgbà níbẹ̀, ló sọ ìtàn náà ní ọdún 2015. Oṣù keje ọdún 2001 ni wọ́n ṣí ìṣàwárí àwòrán sílẹ̀.

Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kí ọmọ ọmọ yín tó gbé àwòrán sórí ìkànnì, kó yí orúkọ fáìlì padà sí ohun tó bá àwòrán mu, bíi aso-kijipa-alaro-ogidi-ijumu.jpg. Kó lo lẹ́tà kékeré, kó sì fi háífìnì sáàrin ọ̀rọ̀ kan àti èkejì. Kó má lo ìlà abẹ́ lẹ́tà (_) tí àwọn kan fẹ́ràn, nítorí orúkọ fáìlì máa ń di ara àdírẹ́sì àwòrán lórí ìkànnì, háífìnì sì ni Google ní kí a fi pín ọ̀rọ̀ níyà nínú àdírẹ́sì. Ìrànlọ́wọ́ tí orúkọ fáìlì ń ṣe kò pọ̀, nítorí náà kí ó má lo gbogbo ọjọ́ lé e lórí.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí ni àpèjúwe tí wọ́n ń pè ní alt. Ó ti wà nínú ìlànà HTML, èdè tí a fi ń kọ ojú-ewé ìkànnì, láti ọdún 1995, kì í sì í ṣe nítorí Google la ṣe dá a sílẹ̀, torí pé Google kò tíì sí láyé nígbà náà. A ṣe é kí ẹni tí àwòrán kò ṣí fún lè mọ ohun tó wà níbẹ̀, kí afọ́jú tí fóònù ń ka ojú-ewé sókè fún sì lè gbọ́ ọ. Bí èmi ṣe ń kọ ọ́ nìyí: mo máa ń rò pé ẹnìkan ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kò rí ohun tó wà níwájú mi, ó sì bi mí pé kí ló wà lọ́wọ́ mi. N kò ní dá a lóhùn pé "aṣọ dáradára". N kò sì ní bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn ìdílé fún un. Fún àwòrán yín yìí, ohun tí mo máa kọ ni: "Aṣọ kíjìpá aláró tó ní ìlà funfun mẹ́ta létí, tí a fi ọwọ́ hun ní Ògìdì-Ìjùmú." Ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú "àwòrán tó ń fi aṣọ hàn", nítorí pé ẹ̀rọ tó ń kà á fún afọ́jú yóò ti kọ́kọ́ sọ pé àwòrán ni. Bí WordPress, ohun èlò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń kọ́ ìkànnì, ni ọmọ ọmọ yín lò, bó bá tẹ àwòrán náà nínú Media Library, yóò rí àpótí kan tí wọ́n kọ Alternative Text sí. Ibẹ̀ gan-an ni.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ ìpínrọ̀ gidi sí abẹ́ aṣọ kọ̀ọ̀kan: irú òwú tí ẹ lò, bí ó ṣe fẹ̀ tó, ibi tí a ti ń wọ irú rẹ̀. Ìpínrọ̀ yẹn ń ṣiṣẹ́ fún oníbàárà, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún Google pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ ìlú yín náà gba àkíyèsí. Ogidi kan wà ní ìpínlẹ̀ Anambra, ìlú Chinua Achebe, ayé sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí ẹ bá kọ Ògìdì nìkan, ó rọrùn fún ẹ̀rọ láti gbé aṣọ yín lọ sọ́hùn-ún. Ẹ máa kọ Ògìdì-Ìjùmú, kí ẹ sì fi ìpínlẹ̀ Kogí kún un níbì kan nínú ìpínrọ̀. Bákan náà ni ti àwọn ará Ẹ̀gbẹ̀, nítorí pé Egbe wà ní Èkó, tí a bá sì yọ àmì kúrò, ẹgbẹ́ gbogbo ayé ló jọ ọ́. Ti Òkun, orúkọ tí gbogbo wa ń jẹ́, tilẹ̀ le jù: ẹni tó bá kọ "aso okun" láìsí àmì àti láìsí àlàyé, ó lè jẹ́ okùn tí a fi ń so ewúrẹ́, ó lè jẹ́ okun inú ara, ó sì lè jẹ́ omi òkun.

Ohun kan ló kù. Ẹ sọ fún ẹni tó ń ya àwòrán pé kó má fi í ránṣẹ́ lásán lórí WhatsApp mọ́, nítorí pé WhatsApp máa ń fún àwòrán mọ́ra kó tó gbé e lọ. Ẹ gbé àwòrán inú fóònù àti èyí tó gba WhatsApp kọjá sún mọ́ra, ẹ ó rí i pé nínú èkejì, fọ́nrán òwú tó yẹ kí a máa kà lọ́kọ̀ọ̀kan ti yọ́ di àwọ̀ kan. Kó fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, tàbí kí ẹ kó o láti inú fóònù tí wọ́n fi yà á.

Láti Ẹ̀gbẹ̀

"Kájú ni mò ń rà tí mo sì ń tà. Àwọn olùrà mi ń kùn pé ìkànnì mi kì í tètè ṣí. Àwòrán kájú mẹ́jọ ló wà ní ojú-ewé àkọ́kọ́, fóònù mi ni mo fi yà wọ́n. Mo sì ti kọ alt sí gbogbo wọn: kájú, kaju, cashew, cashew Kogi, cashew Egbe, kájú olówó pọ́ọ́kú. Ṣé ó yẹ kí n tún fi òmíràn kún un?"

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ gbogbo rẹ̀ kúrò lónìí. Irú àkójọ ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣàpèjúwe ohunkóhun, Google sì kìlọ̀ gbangba pé àkójọ ọ̀rọ̀ ṣáá nínú alt lè mú kí òun ka ìkànnì sí ayédèrú. Ẹ tún ronú nípa afọ́jú tí fóònù rẹ̀ ń ka kájú, kaju, cashew sí i létí nígbà mẹ́jọ. Gbólóhùn kan tó sọ òótọ́ tó: "Àpò kájú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sá, nínú ọgbà ìkójọpọ̀ wa ní Ẹ̀gbẹ̀, Yàgbà."

Ọ̀rọ̀ bí ìkànnì ṣe ń pẹ́ kó tó ṣí ló tóbi jù nínú lẹ́tà yín. Àwòrán tí fóònù òde òní ń yà lè fẹ̀ tó píkísẹ́ẹ̀lì (àwọn tóótó tó para pọ̀ di àwòrán) 4000, kó sì ga tó 3000, èyí tó jẹ́ mílíọ̀nù méjìlá píkísẹ́ẹ̀lì, ẹyọ kan sì lè wọn 4MB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mẹ́jọ irú rẹ̀ ju 30MB lọ lórí ojú-ewé kan ṣoṣo. Olùrà tó dúró sínú oko ní ìgbà kájú, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wá tó sì ń lọ, ni ẹ ń gbé ẹrù yẹn fún, dátà tirẹ̀ ló sì fi ń gbé e. Ojú fóònù rẹ̀ kò sì fẹ̀ tó ìdá mẹ́ta àwòrán tí ẹ fi ránṣẹ́.

Google ń ka èyí sí. Ó ń wọn ìgbà tí ohun tó tóbi jù ní ojú-ewé fi ń yọ sí òǹwòran, ó sì fẹ́ kó jẹ́ láàrin ìṣẹ́jú-àáyá 2.5. Àwòrán ni ohun tó tóbi jù yẹn sábà máa ń jẹ́. Ẹ dín fífẹ̀ àwòrán kọ̀ọ̀kan kù sí 1200 tàbí 1600 píkísẹ́ẹ̀lì, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ ní irú fáìlì tí wọ́n ń pè ní WebP. Google ló gbé WebP jáde ní ọdún 2010. Pẹ̀lú dídára kan náà, ó máa ń fi ìdá 25 sí 34 nínú ọgọ́rùn-ún fúyẹ́ ju JPEG lọ. Fóònù àwọn olùrà yín yóò ṣí i: iPhone ló pẹ́ jù kó tó gbà á, òun náà sì ti ń ṣí i láti ọdún 2020. Ìkànnì Squoosh ni mo máa ń lò láti fi ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, inú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yín ló ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìgbé àwòrán yín lọ síbòmíràn, ó sì ń fi àwòrán àtijọ́ àti tuntun hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ẹ lè rí ibi tí àwòrán ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Bí ẹ bá ti rí i pé èèpo èso kájú kò dán mọ́, tó rí bí ẹni pé a fi omi rá a, ẹ ti fún un jù. Ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń bá yín ṣe kóòdù kọ fífẹ̀ àti gíga sínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀rọ̀ má bàa máa fò sísàlẹ̀ nígbà tí àwòrán bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kó fi loading="lazy" sí àwọn àwòrán ìsàlẹ̀ nìkan, kí wọ́n lè dúró títí olùrà yóò fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo ti rí àwọn tó fi í sí gbogbo àwòrán, títí kan ti òkè pátápátá, tí àwòrán tó yẹ kó kọ́kọ́ yọ wá di èyí tó ń pẹ́ jù.

Mo sì ṣàkíyèsí pé àwòrán ńlá tó wà lókè ojú-ewé yín, ti igi kájú tó so jìngbìnnì, inú CSS, kóòdù tí a fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ ojú-ewé, ni wọ́n tẹ́ ẹ sí bí ẹni tẹ́ ẹní. Google kì í kó irú àwòrán bẹ́ẹ̀ sínú àkójọ rẹ̀. Inú àmì img, tí HTML fi ń gbé àwòrán kalẹ̀, ló gbọ́dọ̀ wà kó tó kà á.

Láti Kàbà

"Akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ni mí. Gbogbo ìkéde wa ni a ń fi ṣe fláyà tó rẹwà, a sì ń gbé e sórí ìkànnì. Àwọn òbí ń sọ pé àwọn kì í rí ọjọ́ ìdánwò ìgbàwọlé lórí Google. Fláyà náà sì wà níbẹ̀."

Fláyà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìdánwò kò sí níbẹ̀. Ohun tí a kọ sínú àwòrán kì í ṣe ọ̀rọ̀ lójú ìkànnì. Àwọ̀ lásán ni. Google a máa gbìyànjú nígbà mìíràn láti ka ọ̀rọ̀ inú àwòrán, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ gbé ọjọ́ ìdánwò ọmọ ọlọ́mọ lé ìgbìyànjú. Òbí kò lè dà á kọ, afọ́jú kò lè gbọ́ ọ, ẹni tó fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ sí èdè mìíràn kò lè ṣe é.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dun èmi náà rí. Mo wá ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ kan yóò kásẹ̀ nílẹ̀ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo tẹ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà, mo tẹ ọdún, mo tẹ fọ́ọ̀mù, n kò rí nǹkankan. Nígbà tí mo fi rí fláyà náà níbi tí wọ́n tò ó sí láàrin àwòrán ìdíje eré ìdárayá, ọjọ́ ti kọjá ní ọjọ́ mẹ́rin. Ọmọ náà dúró sílé ní ọdún kan gbáko.

Ẹ máa lo fláyà fún WhatsApp, ó wúlò níbẹ̀. Lórí ìkànnì, ẹ fi ojú-ewé kan sọrí ìgbàwọlé, ẹ tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ inú fláyà sínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, àkọlé ojú-ewé kó sì sọ ilé ẹ̀kọ́, ọdún àti ohun tí ìkéde dá lé. Tí ẹ bá ṣì fẹ́ fláyà níbẹ̀, ẹ gbé e sísàlẹ̀, kí alt rẹ̀ sì jẹ́ gbólóhùn kúkúrú kan.

Láti Ìsánlú

"Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí, mo sì ń kó àwòrán àwọn ohun èlò ilé wa jọ sórí ìkànnì kékeré kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́: ìkòkò, odó, ọlọ àti irú wọn. Ṣé kí n fi àmì ohùn sí orúkọ fáìlì àti àpèjúwe? Àwọn kan ní àmì ohùn ló ń dí Google lọ́wọ́."

Olùkọ́, inú mi dùn sí ìbéèrè yìí ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹ yọ àmì kúrò nínú orúkọ fáìlì, kí ẹ sì fi gbogbo rẹ̀ pé sínú alt, àkọlé abẹ́ àwòrán àti ìpínrọ̀.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ nípa fáìlì ni pé orúkọ rẹ̀ máa ń di ara àdírẹ́sì ìkànnì, àdírẹ́sì kò sì gba lẹ́tà bíi ẹ wọlé bó ṣe wà. Yóò yí i padà sí %E1%BA%B9. Ẹni tó bá da líǹkì yín kọ yóò rí ohun tó dà bí èpè. Ṣùgbọ́n inú alt àti ìpínrọ̀, kò sí ohun tó ń dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ọlọ tí a fi ń lọ ata kì í ṣe ọlọ́ tó jẹ́ ẹni tó ní nǹkan, àmì ló sì yà wọ́n. Ẹ wo àǹfààní tó tún wà níbẹ̀: ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi àmì sí ohun tí wọ́n ń wá lórí fóònù, orúkọ fáìlì yín tí kò ní àmì yóò sì ti gbé irú kíkọ tiwọn, nígbà tí alt yóò gbé kíkọ tó tọ́.

Ohun tó ń dí Google lọ́wọ́ gan-an ni pé àmì tí ojú rí bí ọ̀kan lè jẹ́ oríṣiríṣi nínú kọ̀ǹpútà. Nínú Unicode, ìlànà tí gbogbo ẹ̀rọ fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1EB9. Ṣùgbọ́n ẹ́, tí ó ní ohùn òkè lórí, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. A ní láti so ẹ pọ̀ mọ́ àmì ohùn. Ẹnìkan lè tẹ ẹ kó tó tẹ àmì òkè, ẹlòmíràn lè tẹ é kó tó fi àmì sísàlẹ̀, ojú yín kò sì ní rí ìyàtọ̀ kankan. Ti èyí ṣì rọrùn, nítorí pé ìlànà kan wà tí kọ̀ǹpútà fi lè sọ méjèèjì di ọ̀kan. Èyí tó burú ni ti àwọn tó ń lo ìlà òòró kékeré lábẹ́ lẹ́tà dípò àmì tóótó. Ìlà òòró náà, U+0329, àmì ọ̀tọ̀ gbáà ni lójú Unicode, ìlànà yẹn kò sì ní sọ ọ́ di tóótó láé. Ọ̀rọ̀ kan náà yóò wá dà bí ọ̀rọ̀ méjì fún ẹ̀rọ. Ẹ yan pátákó ìtẹ̀wé kan ṣoṣo fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ yín, bíi ti Yorùbá tó wà nínú Gboard, pátákó ìtẹ̀wé Google lórí fóònù, kí gbogbo yín sì dúró lórí rẹ̀.

Ẹ tún kọ lang="yo" sí orí kóòdù ojú-ewé náà. Google kò fi í mọ èdè, ọ̀rọ̀ tó wà lójú-ewé ló ń wò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń kàwé fún afọ́jú nílò rẹ̀, kó má bàa fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì ka odó àti ọlọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ka èdè náà wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé orúkọ tí Yàgbà ń pe ohun èlò kan lè yàtọ̀ sí ti àwọn Owé ní Kàbà. Ẹ fi orúkọ tí Yorùbá gbogbo mọ̀ sínú alt, kí ẹ sì kọ orúkọ ti agbègbè sí àkọlé abẹ́ àwòrán pẹ̀lú orúkọ ìlú tí wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Àkọlé bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ibi kan ṣoṣo lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀rọ̀ náà ti pàdé àwòrán ohun tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Láti Mọ̀pà

"Èmi ni mò ń bójú tó ìkànnì ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè wa. Mo ka ọ̀rọ̀ yín tẹ́lẹ̀ lórí orúkọ fáìlì, mo sì yí orúkọ ọ̀ọ́dúnrún àwòrán àtijọ́ padà ní alẹ́ ọjọ́ kan. Láti ìgbà náà, àwọn àwòrán wa tó ti wà lórí Google ti pòórá."

Àbúrò mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ó yẹ kí n ti kìlọ̀ nígbà náà pé àwòrán tuntun ni ìmọ̀ràn yẹn wà fún. Bí orúkọ fáìlì bá yí, àdírẹ́sì rẹ̀ yí nìyẹn, lójú Google àwòrán àtijọ́ ti kú, ti tuntun kò sì tíì bí. Bẹ́ẹ̀ sì ni Google kì í tètè padà wá wo àwòrán bó ṣe ń padà wá wo ojú-ewé.

Bí ẹ bá ṣì ní àwọn fáìlì àtijọ́, tí kò sì tíì pẹ́, ẹ dá orúkọ wọn padà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ṣe ìdarí 301 láti àdírẹ́sì àtijọ́ kọ̀ọ̀kan sí tuntun, kí Google lè mọ̀ pé ó ṣí kúrò nílé ni, kò kú. Ọ̀ọ́dúnrún pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tí ènìyàn ń wò jù. Search Console, tí Google ń fún ni lọ́fẹ̀ẹ́, yóò fi wọ́n hàn yín: ẹ ṣí ìròyìn Performance, ẹ yí irú ìṣàwárí padà sí Image, kí ẹ sì sún ọjọ́ padà sí oṣù tó ṣáájú alẹ́ ọjọ́ náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣe sitemap àwòrán, àkójọ àdírẹ́sì àwọn àwòrán yín fún Google, èyí tó lè gba àwòrán tó tó 1,000 fún ojú-ewé kan, kí ẹ sì fi sílẹ̀ níbẹ̀ náà.

Kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí nínú wọn, ẹ ṣí fáìlì robots.txt yín, èyí tó ń sọ ibi tí ẹ̀rọ aṣàwárí lè wọ̀ àti ibi tí kò gbọdọ̀ wọ̀, kí ẹ wò ó. Mo ṣí i láàárọ̀ yìí, mo sì rí ìlà kan níbẹ̀, Disallow: /wp-content/uploads/. Inú àpótí yẹn ni gbogbo àwòrán ìlú yín wà. Ẹni tó kọ ìlà náà ti ti ilẹ̀kùn mọ́ Google lójú. Ẹ pa á rẹ́ lákọ̀ọ́kọ́.